Ẹ Bi Wá: Gbogbo Tẹ́sítì Pass, Àmọ́ Kọ́kọ́rọ́ Ò Ṣí

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ láíbírì kan tí èèyàn mẹ́ta máa fi dá kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀ láàárín ara wọn, kò sẹ́ni tó máa mọ odidi ẹ̀ nínú wọn, àmọ́ tí méjì bá ti pé wọ́n lè buwọ́ lu nǹkan. Mo ń yẹ ìpín kọ̀ọ̀kan wò bí Feldman ṣe ní ká máa ṣe é, ìyẹn ká fi wé commitment, àwọn nọ́ńbà tí ẹni tó pín in fi de ara ẹ̀ mọ́ ohun tó kọ láìtú àṣírí ẹ̀ síta, gbogbo tẹ́sítì mi ló ń pass. Ẹni tó bá mi wo kóòdù wá ní òun ò ní gbà á wọlé torí pé mi ò ka iye commitment tẹ́nì kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́. Ṣé ìyẹn tó nǹkan tó yẹ kó dá iṣẹ́ dúró ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ó tó bẹ́ẹ̀, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni yẹn.

Jẹ́ ká fi nọ́ńbà kékeré wò ó. Adi Shamir ló sọ ní 1979 pé èèyàn lè fi àṣírí pamọ́ sínú polynomial, ìyẹn ìṣirò tó ní x nínú, kó wá pín àwọn ojú ibi tó gbà kọjá fáwọn èèyàn. Ká ní 5 ni àṣírí ẹnì kan, ó wá kọ 5 + 3x. Ẹni àkọ́kọ́ gba 8, ẹnì kejì gba 11. Táwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n á rí i pé 3 ló wà láàárín ìpín wọn, wọ́n á yọ 3 kúrò nínú 8, 5 á jáde. Nínú láíbírì gidi, nọ́ńbà ràgàjì la ń lò, modulo (ìyẹn ìyókù lẹ́yìn pípín) la sì fi ń ṣe é, àmọ́ ìṣirò kan náà ni.

Ní báyìí, ẹnì kan tínú ẹ̀ ò mọ́ wọ àárín yín. Commitment méjì ló yẹ kó fi ránṣẹ́, ọ̀kan fún 5, ọ̀kan fún 3, àmọ́ mẹ́ta ló fi ránṣẹ́, torí ohun tó kọ ni 5 + 3x + 2x². Ẹni àkọ́kọ́ gba 10, ó yẹ̀ ẹ́ wò, 5 àti 3 àti 2 jẹ́ 10 lóòótọ́, ó bá commitment mu. Ẹnì kejì gba 19, òun náà yẹ̀ ẹ́ wò, 5 àti 6 àti 8, 19 ló jẹ́, kò sí wàhálà. Gbogbo yín gbà pé ó ti parí. Ọjọ́ tí ẹ bá wá fẹ́ lo kọ́kọ́rọ́, ẹni àkọ́kọ́ àtẹnì kejì pàdé, 9 ló wà láàárín 10 àti 19, wọ́n yọ 9 kúrò nínú 10, ó ku 1. 5 dà?

Ṣé o rí i báyìí? Irọ́ kankan ò sí nínú ìpín tó fún yín, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò Feldman ò fi mú un. Ohun tó yí padà ni iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ pé. Nínú irú èyí tí Pedersen gbé kalẹ̀ ní 1991, tẹ́nì kọ̀ọ̀kan ń pín tiẹ̀ tí a wá ń ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, polynomial ẹnì kan ṣoṣo tó bá ga jù ló máa gbé ti gbogbo yín ga. Tó bá tún fi ẹyọ kan lé e, èèyàn mẹ́rin ló máa gbọ́dọ̀ pé kí kọ́kọ́rọ́ tó ṣiṣẹ́, mẹ́ta péré sì lẹ jẹ́. Tówó bá ti wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn, ó ti há síbẹ̀ nìyẹn.

Àwọn Trail of Bits, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ààbò kóòdù wò, gbé ọ̀rọ̀ yìí síta ní 2024, láíbírì tó ní àlébù yìí ò sì kéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ti FROST, ìyẹn ọ̀nà ìbuwọ́lù tí Komlo àti Goldberg mú wá ní 2020. RFC 9591, ìwé ìlànà tó ṣàlàyé FROST, jáde lọ́dún 2024 yẹn kan náà, àmọ́ kò fi bí wọ́n ṣe ń jọ dá kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ tiẹ̀, torí náà oníláíbírì kọ̀ọ̀kan ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ apá yẹn, ibẹ̀ ló sì ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Èmi náà ti kọ irú ẹ̀ rí, mo kọ lúùpù tó ń rìn lórí gbogbo commitment tó bá ṣáà ti wọlé, dípò èyí tó máa rìn lórí iye tí a jọ fẹnu kò sí. Oṣù mẹ́ta gbáko ló lò nínú kóòdù kí n tó rí i.

Àtúnṣe ẹ̀ ò ju ìlà kan lọ: tí iye ẹ̀ bá ti yàtọ̀ síye tó yẹ, yálà ó lé ni o, yálà ó dín ni o, dá a padà kí ìṣirò kankan tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì dárúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ nínú error náà. Lẹ́yìn náà kọ tẹ́sítì tẹ́nì kan ti ń ṣe màgòmágó. Àwọn tẹ́sítì tó o ní ń pass torí pé olóòótọ́ ni gbogbo ẹni tó o kó sínú wọn. Ibi tó o bá wà yẹn náà, wò ó bóyá o gba nọ́ńbà 0 láàyè fún ẹnikẹ́ni, torí ìpín ẹni tó bá jẹ́ 0 ni àṣírí gan-an.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ̀rí Schnorr ni mo ń kọ, èyí téèyàn fi ń hàn pé òun mọ kọ́kọ́rọ́ àṣírí x láìsọ ọ́ síta. R, nọ́ńbà tí ẹni tó ń mú ẹ̀rí wá kọ́kọ́ fi lélẹ̀, nìkan ni mo sì fi sínú hash (ìṣirò tó ń sọ ohunkóhun di nọ́ńbà téèyàn ò lè sọ tẹ́lẹ̀) kí c, ìyẹn ìbéèrè tó gbọ́dọ̀ dáhùn, lè jáde. Wọ́n ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ gbangba X náà sí i. Kí nìdí, nígbà tó jẹ́ pé X ti wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀?

Ìdáhùn: Torí pé ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń mú ẹ̀rí wá náà ni, tó bá sì wù ú, ìgbẹ̀yìn ló máa tó yan X. Ohun tí à ń yẹ̀ wò ni pé g^z = R · X^c; g ni nọ́ńbà tí gbogbo wa jọ mọ̀, z ni ìdáhùn ẹni tó ń mú ẹ̀rí wá. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ á kọ́kọ́ mú R kan tóun fúnra ẹ̀ ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, á hash ẹ̀, c á jáde, á mú z èyí tó bá wù ú, á wá ṣírò X tó máa jẹ́ kó dọ́gba. Ẹ̀rí yẹn á pass, bẹ́ẹ̀ kò mọ x rárá, mímọ x yẹn gan-an sì ni ẹ̀rí náà ń jẹ́rìí sí. Tí X bá ti wà nínú hash, gbogbo ìgbà tó bá yí X padà ni c náà ń yí padà, kò ní rí i bá.

Bernhard, Pereira àti Warinschi fi èyí hàn ní 2012 nínú Helios tí wọ́n fi ń dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà wọ́n ṣì tún ń rí i nínú àwọn láíbírì tó ń ṣe Bulletproofs àti PlonK, ìyẹn irú ẹ̀rí mìíì tí kì í tú àṣírí. Ẹ wo ohun tí FROST ń fi sínú hash tiẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dá kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀: nọ́ńbà ẹni tó ń mú ẹ̀rí wá, ọ̀rọ̀ kan tó yàtọ̀ fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan, commitment ẹ̀, kí R tó wá tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà yẹn ò ní jẹ́ kẹ́lòmíì gbé ẹ̀rí yín sọ di tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ìjókòó yẹn ò sì ní jẹ́ kí wọ́n tún un lò lọ́jọ́ mìíì. Ẹ fi gbogbo ẹ̀ sí i o.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé DKG ti Pedersen, ìyẹn ọ̀nà tiẹ̀ tí wọ́n fi ń jọ dá kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ò dáa mọ́ láti 1999. Ṣé kí n pa á tì ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Gennaro, Jarecki, Krawczyk àti Rabin ló fi hàn pé ẹni tó bá dúró wo tàwọn tó kù lè fi ọgbọ́n darí bí kọ́kọ́rọ́ gbangba ṣe máa rí, àmọ́ àwọn kan náà ló padà fi hàn pé ó ṣì ṣeé lò fún ìbuwọ́lù Schnorr. Tó bá jẹ́ nǹkan mìíì lẹ fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣe, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sínú àlàyé láíbírì yín kẹ́ni tó fẹ́ lò ó lè rí i.