Yógọ́ọ̀tì mi ń fà bí ewédú: ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Yógọ́ọ̀tì ni mò ń ṣe tà ní Under-G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé, tí mo bá fi ṣíbí bù ú, á máa fà bí ewédú. Ó kan dáadáa, kò rùn, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ní mo po sítáàṣì mọ́ ọn. Ṣé kí n dà á nù ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnára, ìyá wa. Tó bá jẹ́ pé ẹ se mílíìkì yín dáadáa kó tó di pé ẹ mú un kan, ẹ má dà á nù. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń mú mílíìkì kan náà ló ṣe ohun tó ń fà yẹn. Bí wọ́n ṣe ń jẹ súgà inú mílíìkì, wọ́n ń sọ púpọ̀ rẹ̀ di ásíìdì, òun ló ń kan lẹ́nu. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń so mọ́ra wọn, ẹyọ kan tẹ̀lé òmíràn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, tí wọ́n sì ń tú síta.

Ìlẹ̀kẹ̀ yìí ló ń di omi mú. Ẹ ti rí yógọ́ọ̀tì tí omi ràndàn dúró lórí rẹ̀ rí. Tiyín kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ki láìsí sítáàṣì. Ní Finland, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú rẹ̀, viili ni wọ́n ń pè é. Mọ̀lẹ́bí ìlẹ̀kẹ̀ náà kan, dextran, tí kòkòrò kan tó ń jẹ́ Leuconostoc mesenteroides ń fi súgà ìrèké ṣe, làwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí iṣan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ ní àwọn ọdún 1940.

Ọ̀pọ̀ irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí kì í dà nínú wa, ó ń dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò rere ibẹ̀ a sì máa jẹ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ ọ́ sára ike pé ó ń wo àtọ̀gbẹ tàbí jẹjẹrẹ. Ìwọ̀nba ló wà nínú ife kan, ara eku àti inú ìgò àyẹ̀wò ni wọ́n sì ti rí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀.

Ọyẹ́ ló kó bá yín. Ooru 42 sí 43°C ló bá àwọn kòkòrò yógọ́ọ̀tì lára mu; tí kúlà tí ẹ fi ń mú un kan bá tutù kọjá bẹ́ẹ̀, kíkan á pẹ́, fífà á sì pọ̀ sí i. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan kúlà náà kí ẹ tó lò ó, ẹ fi aṣọ nípọn dì í, ẹ ra tẹmọ́mítà. Tó bá ti kan, ẹ gbé e sí fíríìjì. Ẹ sì yéé fi yógọ́ọ̀tì àná mú tòní kan léraléra. Ẹ lo ohun ìmúkan tuntun.

Tó bá ń fà tí kò kan, tó ń rùn, tó ń hó, tàbí tó yí àwọ̀ padà, kòkòrò mìíràn ló wọ̀ ọ́ yẹn. Ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ dà á nù.