Omi kànga tó ń ṣe bí irin lẹ́nu: ẹ fi álọ́ọ̀mù sílẹ̀ ná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ilé tuntun. Ẹ ní omi kànga yín mọ́ gaara bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, àmọ́ bí ẹ bá mu ún, bí ẹni lá ìṣó ló ń rí lẹ́nu, tíì tí ẹ bá fi pò náà ń dúdú nínú kọ́ọ̀bù, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ da álọ́ọ̀mù sí i. Rárá o. Ìdọ̀tí tó léfòó nínú omi ni álọ́ọ̀mù ń kó jọ kó lè rọlẹ̀. Irin inú omi yín ti yòrò, kò sí ohun tí álọ́ọ̀mù máa rí kó. Yóò kàn tún jẹ́ kí omi náà kan sí i ni.

Ẹ fa omi láti inú kànga gan-an, kì í ṣe láti ẹnu ẹ̀rọ, ẹ rọ ọ́ sínú ike funfun, kí ẹ ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá pọ́n, tí ìpẹtà sì sùn sísàlẹ̀, irin ni. Bó bá jẹ́ pé ti ẹnu ẹ̀rọ nìkan ni kò dára, páìpù onírin inú ògiri yín ni kí ẹ pààrọ̀ sí oníke. Iyọ̀ ńkọ́? Ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Àwọn tó ń gbé nítòsí ọ̀sà àti òkun mọ̀ ọ́n: bí wọ́n ṣe ń fa omi jù ni iyọ̀ ń sún mọ́ wọn, yanrìn kò sì lè sẹ́ ẹ.

Apá Ìkòròdú ni èmi ń gbé, irin yìí sì fojú mi rí màbo. Ẹnjiníà tí wọ́n júwe fún mi dé, ó tọ́ omi wò, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n. Mo na ìwé lábù sí i, kò tilẹ̀ wò ó. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni pé irin jẹ́ 2.8 míligíráàmù nínú lítà kan, nígbà tó jẹ́ pé 0.3 ni òṣùwọ̀n omi mímu ti Nàìjíríà gbà. pH rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré sí ni omi ṣe ń kan sí), jẹ́ 5.4, láti 6.5 dé 8.5 ni òṣùwọ̀n kan náà fẹ́. Nọ́ńbà kejì yìí gan-an ni gbogbo ìjàngbọ̀n wà. Bí omi bá kan tó bẹ́ẹ̀, irin inú rẹ̀ kì í tètè gba afẹ́fẹ́ kó di ìpẹtà, èròjà dúdú tí wọ́n ń rọ́ sínú sìlíńdà tí wọ́n fi ń sẹ́ omi nítorí irin kì í sì ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ọ̀gbẹ́ni gbé sìlíńdà aláwọ̀ búlúù kalẹ̀, ó gbowó rẹ̀ pé, ó lọ. Omi kọ́kọ́ dára. Kò pẹ́, irin padà dé, omi kò sì fẹ́ jáde mọ́. Ohun yíyọ̀ pupa kan gba gbogbo ìsàlẹ̀ táǹkì, aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ tó jẹ́ funfun wá di aláwọ̀ ilẹ̀, ìyàwó mi ń bẹ aládùúgbò fún omi nínú ilé tí a fowó ara wa kọ́. Mo pe ẹnjiníà, ó ní iná wa tí kì í dúró ló fà á. Mo tún pè é, ó ní kí n ra èròjà tuntun. Kò fìgbà kankan sọ fún mi pé omi gbọ́dọ̀ máa gba ìdí sìlíńdà gòkè déédéé láti fọ èròjà náà, èyí tí wọ́n ń pè ní backwash. Kò tilẹ̀ so páìpù tí ìdọ̀tí máa gbà jáde! Mo fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì ìjọba kan, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ wá. Ẹ̀dà náà wà lọ́dọ̀ wọn títí di òní.

Púlọ́ńbà àdúgbò ló gbà mí, kò sì lo sìlíńdà kankan. Ó gbé dúrọ́ọ̀mù oníke sókè, ó lu ihò wẹ́wẹ́ sí páìpù tó ń bu omi sínú rẹ̀ kí omi lè máa já wínníwínní nínú afẹ́fẹ́. Abẹ́ páìpù náà ló tẹ́ àfọ́kù mábù sí, nítorí mábù ń dín kíkan omi kù. Ìpẹtà á máa bo mábù yẹn o, ẹ máa kó o jáde fọ̀. Omi yóò sùn mọ́jú, yóò wá gba inú yanrìn kọjá. Ti yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ kò le, ẹ ṣáà fọ̀ wọ́n dáadáa. Ẹ má fi ẹnu ẹ̀rọ sí ìdí dúrọ́ọ̀mù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìpẹtà lẹ máa pọn mu.

Ẹ má tíì da kílóríìnì sí i kí irin tó kúrò, irin ni yóò jẹ ẹ́ tán. Àmọ́ ẹ lò ó níkẹyìn, torí omi tó dùn lè ní kòkòrò àrùn nínú. Báwo ni sọ́kàwéè yín ṣe jìnnà sí kànga tó? Bí kò bá tó ọgbọ̀n mítà, ọkàn mi kò balẹ̀, ti aládùúgbò yín náà sì wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kó ẹrẹ̀ ìdí kànga, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ onípẹtiróòlù sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn. Ẹni tó bá bẹ́ wọlé láti gba ẹni àkọ́kọ́ là náà á kú síbẹ̀.

Ẹ gbé omi náà lọ sí lábù, kí wọ́n wo irin, pH, iyọ̀ àti E. coli, kòkòrò tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti wọ omi. Bí ìwé bá jáde, ẹ kọ àwọn nọ́ńbà náà síbí kí n bá yín wò ó. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnjiníà kankan.