Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí aláboyún fi HIV tó ní pamọ́?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Ààfáà. Níbi tí mo ti ń gba ìtọ́jú oyún ni wọ́n ti rí kòkòrò HIV lára mi. Mò ń lo oògùn, àmọ́ mo ti ya ìwé ara ìgò rẹ̀ dànù kí ìyá ọkọ mi má baà kà á. Ọkọ mi pàápàá kò tíì mọ̀. Ṣé mò ń dẹ́ṣẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wà àlékúmù sàlámù. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni kí ẹ má sọ fún ìyá ọkọ tàbí àwọn obìnrin Àsàlátù. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní ẹni tó bá bo Mùsùlùmí láṣìírí, Ọlọ́hun yóò bo òun náà láṣìírí lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀. Àṣírí tiyín náà wà nínú èyí tó yẹ ní bíbò.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Aláboyún ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nínú ilé, òun náà ni wọn yóò sì ní ó kó o wálé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ lè ti ní in kó tó gbé e níyàwó. Ìwà àbòsí gbáà ni, àwa ààfáà kì í sì í bá a wí tó níbi wáàsí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá bímọ, bí ìyá ọkọ bá bèèrè oògùn olómi tí ẹ ń fún ọmọ kó má baà kó kòkòrò náà, ẹ ní ilé ìwòsàn ló ní kí ẹ máa lò ó fún un. Òótọ́ ni, ó sì tó. Àgbo àti omi ńkọ́? Ẹ má gbà fún oṣù mẹ́fà. Ọmú nìkan, kí ẹ má sì jẹ́ kí oògùn tiyín yẹ̀. Gbogbo ìyálọ́mọ ni nọ́ọ̀sì ń sọ ti ọmú yìí fún, kò lè tú yín fó. Láìsí oògùn, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ló lè kó o lára ìyá. Pẹ̀lú oògùn, wọn kì í tó 5.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yàtọ̀. Ànọ́bì ní kò sí fífi ìnira kan ara ẹni, kò sì sí fífi kan ẹlòmíràn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó mọ̀, kóun náà lè lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé yóò nà yín tàbí lé yín jáde, ẹ má dá sọ ọ́ nínú yàrá. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì pe ẹ̀yin méjèèjì wá ṣe àyẹ̀wò pọ̀, kó jẹ́ ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́.

Bí ẹ bá sì ti bímọ láyọ̀, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ.