Ẹsẹ̀ kọ́ ni ẹ rí lára ejò yẹn

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ọmọ pa ejò dúdú kan ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìwáyà lọ́jọ́ Àìkú. Bí wọ́n ṣe lù ú nírù, nǹkan pupa méjì tó ní ẹ̀gún yọ síta nídìí rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ẹsẹ̀ ni, pé ejò tó bá lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ejò lásán, ẹnì kan ló rán an. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ìgbà náà. Kí ni nǹkan yẹn? Ṣé ó lè ti yé ẹyin sí àyíká? Ṣé èkejì rẹ̀ ò ní wá gbẹ̀san?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ewu. Kò sẹ́ni tó rán ejò yẹn. Akọ ni, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ lẹ rí. Méjì-méjì ni gbogbo akọ ejò ní in, títí kan akọ alángbá tó ń mi orí lórí ògiri yín.

Inú ìrù ló máa ń wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n yí inú rẹ̀ padà. Tí akọ bá fẹ́ gun abo, ẹ̀jẹ̀ á kún un, á yọ síta. Tó bá ṣe tán, iṣan á fà á wọlé. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń lò lẹ́ẹ̀kan. Igi tí àwọn ọmọ fi lù ú ló ti méjèèjì jáde. Ìtọ̀ kì í gba ibẹ̀. Kòtò tóóró kan bí ojú àgbàrá ló wà lára rẹ̀, òun ni àtọ̀ ń ṣàn gbà.

Ẹ̀gún yẹn kò lóró. Ó ń jẹ́ kó di abo mú ni, nítorí gígun ejò lè gba wákàtí púpọ̀. Ti ejò kan á gùn gbọọrọ, ti òmíràn á pín sí méjì lórí bí ẹ̀ka igi, òmíràn á rí kótokòto bí afárá oyin. Ejò méjì lè jọra bí ìbejì, kó jẹ́ ibẹ̀ la máa yẹ̀ wò ká tó mọ̀ pé irú wọn yàtọ̀. Abo náà ní méjì tirẹ̀, tó kéré, ṣùgbọ́n ọdún 2022 ni àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà tó ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Ó dùn mí pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má bá àwọn aládùúgbò yín jà o. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n sọ súnmọ́ òótọ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ejò ti lẹ́sẹ̀ rí láyé àtijọ́. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, wọ́n fi erè kan lé mi lọ́wọ́, mo fi àtàǹpàkò wá ẹ̀gbẹ́ ihò ìdí rẹ̀, mo bá èékánná méjì níbẹ̀, ó mú bíi ti ọmọ ológbò. Ìyókù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìyẹn. Akọ a máa fi ha abo lára nígbà tó bá ń fẹ́ ẹ. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Harvard yẹ ọlẹ̀ ejò àti ti alángbá wò, wọ́n rí i pé ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti hù ni nǹkan ọkùnrin wọn ti ń hù. Ti eku, ìdí ìrù ló ti ń hù.

Ní ti ẹyin, akọ kì í yé. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín: abo lè tọ́jú àtọ̀ sínú fún oṣù púpọ̀, nítorí náà pípa akọ kò ní kí abo tó bá wà nítòsí má bímọ. Sèbé àti erè ń yé ẹyin. Ọká ń bí ọmọ láàyè. Ejò kì í gbẹ̀san. Tí akọ mìíràn bá yọjú, òórùn abo ló ń tọ̀ bọ̀.

Ẹ kó igi àti páànù tó wà lẹ́yìnkùlé kúrò, ẹ dí ihò ògiri, ẹ sì dojú kọ eku, torí eku ni ejò ń wá wọlé. Tí ẹ bá tún rí ejò, ẹ kó àwọn ọmọ sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan orí rẹ̀ bó tilẹ̀ ti kú. Orí ejò tí wọ́n ti gé sọ́tọ̀ ṣì lè bu èèyàn jẹ.