Ajẹ́ǹtì Ní Gbogbo Kristẹni Ló Lè Gba Físà Amẹ́ríkà

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Ajẹ́ǹtì kan l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́ níbí, ní Amẹ́ríkà ti kọ orúkọ Nàìjíríà sílẹ̀ pé wọ́n ń fìyà jẹ Kristẹni níbí, pé gbogbo Kristẹni ló lè gba físà báyìí. Mílíọ̀nù méjì ló fẹ́ gbà fún ọmọ mi ọkùnrin. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má san kọ́bọ̀. Ìbéèrè yìí ti ń sú mi.

Òótọ́ ni, orúkọ wa wà nínú ìwé tí Amẹ́ríkà ń kọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń fìyà jẹ èèyàn nítorí ẹ̀sìn sí. Òfin Amẹ́ríkà ti 1998 ló bí ìwé náà. Wọ́n kọ wá sí i ní 2020, wọ́n yọ wá ní 2021, Trump tún dá wa padà ní Oṣù Kẹwàá 2025. Ṣùgbọ́n ìjọba ni wọ́n fi ń bá wí, kì í ṣe físà ni wọ́n fi ń pín. China ti wà níbẹ̀ láti 1999. Saudi Arabia wọ̀ ọ́ ní 2004, ọ̀rẹ́ wọn ló ṣì jẹ́. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2025 kan náà ni Trump yìí tún kéde pé òun ń dá físà ìbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́ dúró fáwa ọmọ Nàìjíríà. Físà wo ni ajẹ́ǹtì wá ń tà?

Asylum ló ń dà pọ̀ mọ́ ọn, ìyẹn ààbò fẹ́ni tó sá àsálà. Ẹni tó ti dé ilẹ̀ wọn tàbí ẹnubodè wọn ló ń béèrè rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé wọ́n ti ṣe inúnibíni sí òun, tàbí pé òun ní ìdí gidi láti bẹ̀rù rẹ̀. Ọmọ tó ń ti Ọ̀bà-Ilé lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sunday láìséwu, kí ló fẹ́ wí?

Ibẹ̀ ni irọ́ ń gbà wọlé. Wọ́n gbé ìwé ìbúra kan wá hàn mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan fara gbọta ní ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀wọ̀, June 5, 2022. Ọmọ náà ò dé Ọ̀wọ̀ rí. Nígbà tí mo ka ìlà kẹsàn-án, “ọkọ mi” kú níbẹ̀! Ìwé obìnrin kan ni wọ́n tún dà kọ. Àwọn tó sin èèyàn wọn l'Ọ́wọ̀ ṣì ń sunkún, ẹnì kan ń fi ẹkún wọn pawó.

Bí wọ́n bá sì rí i pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn ìwé ìgbélùú mọ́ ọn títí láé. (Ọ̀rọ̀ gbogbogbò ni mò ń sọ o. Òfin wọn ń yí padà. Lọ́yà tó láṣẹ lọ́hùn-ún ló lè yẹ ọ̀ràn ẹnì kọ̀ọ̀kan wò.)

Bí ẹ bá ti san àsansílẹ̀, ẹ mú rìsíìtì wá sí ọ́fíìsì mi ní Alágbàká. Ẹ má pe ajẹ́ǹtì náà lórí fóònù kẹ́ ẹ tó wá.