Ta ni Rupert Neve, ṣé òótọ́ ni pé fúnra rẹ̀ ló kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn?

Òótọ́ ni, kì í ṣe yunifásítì ló ti kọ́ ọ. Newton Abbot nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1926, ṣùgbọ́n Ajẹntínà ló gbé dàgbà. Ọmọ ọdún 13 ló ti ń tún rédíò ṣe. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó sọ áńbúláǹsì àlòkù ológun di ọkọ̀ iṣẹ́, ó ń gbé e káàkiri láti gba ohùn ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀.

Ó dá Neve Electronics sílẹ̀ lọ́dún 1961. Mixer, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ohùn pọ̀ ní situdíò, ló sọ ọ́ di olókìkí. Nígbà tí valve, ìyẹn ife gíláàsì inú ẹ̀rọ tó ń mú kí ohùn lágbára sí i, ṣì gbòde, òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi transistor, ẹ̀yà kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣe mixer. Ẹ̀ka tó ń gba ohùn láti máíkì, 1073, ni mo fẹ́ràn jù: ohùn inú rẹ̀ kún, ó sì tutù létí. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní.

Òun náà ló dá Focusrite, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn mìíràn, sílẹ̀ lọ́dún 1985. Ó gba Grammy ti ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́dún 1997, ó sì kú ní Texas ní February 2021, lẹ́ni ọdún 94.