Ṣé dandan ni kí yàrá kọ̀ǹpútà mẹ́ta ní sẹ́fà mẹ́ta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ilé ìwé wa wà ní Oǹdó níbí, a ní thin client (àpótí kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ti ara sẹ́fà ṣiṣẹ́) bí ogójì lórí sẹ́fà kan (kọ̀ǹpútà àgbà tó ń bọ́ gbogbo wọn), LTSP, sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí sẹ́fà, ló wà lórí ẹ̀. A pín wọn sí yàrá ìdánwò, yàrá tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ títẹ̀wé, àti ọ́fíìsì. A fẹ́ kí sẹ́tíǹgì yàrá kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹni tó ń bá wa ṣe é ní àfi ká ra sẹ́fà méjì sí i, kóun sì wọ inú thin client kọ̀ọ̀kan lọ yí i padà, iye kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èló ló yẹ ká san? Ìyá ilé ìwé, Oǹdó.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ti èló yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná, torí ẹ ò ní ra sẹ́fà kankan. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, láti Oyèmẹkùn dé Alágbàka ní Àkúrẹ́ níbí, "àfi kẹ́ ẹ ra òmíì" yìí náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn, ẹni tó ń sọ ọ́ ló sì máa ń ní sẹ́fà tòkunbọ̀ tó fẹ́ tà.

Kí ló fẹ́ wọ inú thin client lọ ṣe gan-an? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní hard disk, èyí tó bá sì ní, LTSP ò nílò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tan àpótí yẹn, kò mọ̀ bóyá yàrá ìdánwò lòun wà tàbí ọ́fíìsì, kò mọ orúkọ ara ẹ̀ pàápàá. Ohun kan tó mọ̀ ni nọ́ńbà MAC ẹ̀, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ ti fi sí i lára. Nọ́ńbà yìí lá á fi pe sẹ́fà lórí wáyà, á gba àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí wọ́n á fi máa mọ̀ ọ́n lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), sẹ́fà á fún un ní kernel (ọkàn ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́), á fún un ní initrd (àkójọ fáìlì tó fi ń bẹ̀rẹ̀), inú initrd yẹn ni sẹ́tíǹgì tó máa lò lọ́jọ́ náà wà. Tẹ́ ẹ bá ti pa á báyìí, ó ti gbàgbé. Tẹ́ ẹ bá tún tan án lọ́la, àkọ̀tun ni. Nítorí náà ẹni tó bá ń lọ láti àpótí dé àpótí tó ń yí sẹ́tíǹgì padà, tí iná bá lọ pẹ́nrẹ́n báyìí, iṣẹ́ ẹ̀ bá iná lọ nìyẹn, owó yín náà bá a lọ. Ohun tó yẹ kéèyàn fọwọ́ kàn lára àpótí ò ju BIOS (sẹ́tíǹgì ibi tí àpótí ti ń bẹ̀rẹ̀) lọ, kó lè máa bẹ̀rẹ̀ látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni.

Sẹ́fà kan tó. Ìyá tó ń ta ìyán kì í gbé ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́ta kaná torí pé ẹnì kan fẹ́ ẹja, ẹnì kan fẹ́ ẹran, ẹnì kẹta ní pọ̀nmọ́ lòun ń jẹ.

Ibi tí wọ́n ti ń pín wọn sí ọ̀wọ́ nìyí: fáìlì kan wà lórí sẹ́fà tó ń jẹ́ /etc/ltsp/ltsp.conf. Ohun tó bá kan gbogbo àpótí, abala clients lẹ máa kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe abala kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un lórúkọ tó bá wù yín, kẹ́ ẹ wá fi INCLUDE so àpótí kọ̀ọ̀kan mọ́ abala yàrá tiẹ̀. Báyìí:

[idanwo]
X_MODES='"1024x768" "800x600"'

[52:54:00:12:34:56]
HOSTNAME="idanwo01"
INCLUDE="idanwo"

Nọ́ńbà tó wà nínú àkámọ́ yẹn ni MAC àpótí, X_MODES sì ni ìwọ̀n àwòrán ojú mọ́nítọ̀. Ó parí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà fún gbogbo yàrá ìdánwò lọ́la, abala idanwo nìkan lẹ máa fọwọ́ kàn, gbogbo àpótí tó bá so mọ́ ọn á tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n o, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sáfù fáìlì yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ sáré ṣe sudo ltsp initrd lórí sẹ́fà, kẹ́ ẹ sì pa àwọn àpótí náà kẹ́ ẹ tún wọn tàn. Ìhín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, wọ́n á kọ ọ́ dáadáa, wọn ò ní ṣe initrd, nǹkan ò ní yí padà, ni wọ́n á wá sọ pé sẹ́fà yín ti kéré.

Nọ́ńbà MAC wà lára sítíkà abẹ́ àpótí lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì tún máa ń hàn lójú mọ́nítọ̀ nígbà tó bá ń wá sẹ́fà. Òǹkà 0 sí 9 àti lẹ́tà A sí F ló máa ń wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ohun tó jọ O, òdo ni. Ẹ fi máàkà kọ orúkọ àpótí sí i lára, torí tí ọmọ kan bá gbé e láti yàrá ìdánwò lọ sí ọ́fíìsì, sẹ́tíǹgì ìdánwò lá á bá a lọ. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi IP pín wọn. LTSP gbà á lóòótọ́, àmọ́ IP tí DHCP (ètò tó ń pín IP fún àwọn àpótí) ń pín lè yí padà, àfi tẹ́ ẹ bá ti dè é mọ́ MAC, tẹ́ ẹ bá sì ti fẹ́ dè é mọ́ MAC, ẹ kúkú fi MAC ṣe é.

Ẹ ṣọ́ra fún fídíò YouTube àtijọ́. LTSP tí wọ́n tún kọ lọ́dún 2019 ni mò ń sọ. Tó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ló wà lórí sẹ́fà yín, lts.conf ni fáìlì ẹ̀, LIKE ni wọ́n ń lò níbi tí tuntun ti ń lo INCLUDE. Ẹ má po méjèèjì pọ̀.

Ìgbà wo lẹ wá lè nílò ju ìyẹn lọ? Tí àwọn àpótí kan bá jẹ́ 32-bit tí àwọn yòókù jẹ́ 64-bit, tàbí tí yàrá kan bá nílò sọ́fítíwíà tó yàtọ̀ pátápátá, ẹ lè ṣe image (odidi ètò àti sọ́fítíwíà tí àpótí ń gbà lọ́wọ́ sẹ́fà) méjì, lórí sẹ́fà kan náà o. Ẹ má kàn fi ṣeré, torí tẹ́ ẹ bá ń ṣe update, image kọ̀ọ̀kan lẹ máa tún ṣe. Mi ò tíì fojú rí sẹ́fà yín, tí àpótí bá ń falẹ̀ ní gbogbo yàrá, ìyẹn lè jẹ́ switch (ẹ̀rọ tó ń so àwọn wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀) tàbí wáyà, ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìyẹn.

Ti ọ́fíìsì, ẹ má rò pé sẹ́tíǹgì àpótí ló máa dáàbò bo ìwé owó ilé ìwé. Àpótí ò mọ ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀. Kí oníkálukú ní orúkọ àti páásíwọọ̀dù tiẹ̀ lórí sẹ́fà, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀tọ́ sórí fóódà bó ṣe yẹ. Tí ẹnì kan bá sì fẹ́ fi páásíwọọ̀dù sínú ltsp.conf kí àpótí lè máa wọlé fúnra ẹ̀, ti ọmọ ìdánwò tí kò ní nǹkan kan nìkan ni kẹ́ ẹ gbà. Base64, ìyẹn ọ̀nà kan láti fi lẹ́tà míì kọ ọ̀rọ̀, ni wọ́n fi ń kọ ọ́ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá rí fáìlì yẹn lè tú u ká wéré, gbogbo àpótí ló sì ń gba ẹ̀dà ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ìdánwò JAMB tàbí ti àjọ míì lẹ fẹ́ máa ṣe níbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun padà, èmi ò lè dúró fún yín lórí ìyẹn. Bákan náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ltsp.conf pa mọ́, kẹ́ ẹ fi àpótí kan péré dán an wò nínú yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí kò sí ọmọ nílé ìwé. Tí ọ̀kan bá ń ṣagídí, ẹ ya fọ́tò ohun tó wà lójú mọ́nítọ̀, kẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fáìlì náà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìlà páásíwọọ̀dù kúrò nínú ẹ̀ ná.